Pọ́táàṣì Pupa Lórí Oko Ẹ̀gẹ́: Àyẹ̀wò Ajílẹ̀ Kan Tí Ọ̀pọ̀ Àgbẹ̀ Kì Í Béèrè

Ajílẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní MOP (muriate of potash), tí àwọn àgbẹ̀ kan sì ń pè ní pọ́táàṣì pupa nítorí àwọ̀ rẹ̀. Inú àpò oníkílò 50 ni a ti ń bá a pàdé, nọ́ńbà 0-0-60 sì ni a máa ń rí lára àpò náà. Kò sí náítírójìn nínú rẹ̀, kò sì sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Pòtásíọ̀mù nìkan ni àgbẹ̀ ń san owó fún, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bí a bá fi K2O (pòtásíọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn) kà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ ṣe ń kà á káàkiri ayé. Àpò kan, nígbà náà, ń gbé kílò 30 K2O wọ oko. Orí ẹ̀gẹ́ ni mo ti lò ó, ní agbègbè Ìbàràpá, níbi tí gàrí àti láfún ti ń jáde lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ ní rírà fún àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún, pàápàá bí ó bá ń tà á fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sítáàṣì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó tó ti sinmi pẹ́ lè fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn ná.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹ̀gẹ́ kò nílò ajílẹ̀ rárá, nítorí pé ó máa ń ta níbi tí àgbàdo ti kọ̀ láti yọmọ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹ̀gẹ́ a máa fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ju ọ̀pọ̀ irúgbìn mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń kó jáde nínú ilẹ̀ kì í ṣe kékeré, pòtásíọ̀mù sì ni ó ń kó jù. Tọ́ọ̀nù kan ẹ̀gẹ́ tútù tí a bá hú, tí a sì kó kúrò lóko, ń gbé nǹkan bí kílò mẹ́ta pòtásíọ̀mù lọ. Náítírójìn tó ń bá a lọ kò ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò sì tó ìdajì kílò. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, síbẹ̀ ohun tí hẹ́kítà kan ń mú wá lọ́dọ̀ wa ní ìpíndọ́gba kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ilẹ̀ tó ti ṣá wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irúgbìn tí kò dára, àrùn àti koríko náà ní ìpín tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iyì ajílẹ̀ yìí ti hàn sí mi jù. Ká ní àgbẹ̀ kan fẹ́ rí 20 tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan. Ẹ̀gẹ́ náà yóò kó nǹkan bí kílò 60 pòtásíọ̀mù lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 72 bí a bá fi K2O kà á. Àpò mẹ́rin NPK 15:15:15 tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ (ajílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ ìdá náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ní títẹ̀léra) yóò fún ilẹ̀ náà ní kílò 30 péré, nítorí náà kílò 42 ni ó kù. Bí a bá ní kí a fi NPK kan náà dí àlàfo yìí, a ó ní láti ra nǹkan bí àpò mẹ́fà sí i, a ó sì máa san owó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ̀gẹ́ kò nílò tó bẹ́ẹ̀, àti ti náítírójìn tí yóò mú kí ewé máa gbilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àpò kan àbọ̀ pọ́táàṣì pupa ni yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ti NPK 20:10:10, èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣètò pípo ajílẹ̀ nílé, kílò márùn-ún K2O péré ni ó wà nínú àpò rẹ̀ kan. Ó dára fún àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e nìkan lọ sóko ẹ̀gẹ́ ń bọ́ ewé ju gbòǹgbò lọ.

Iṣẹ́ tí pòtásíọ̀mù ń ṣe lára ẹ̀gẹ́ kò fara hàn kíákíá, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fojú kéré rẹ̀. Náítírójìn a máa sọ ewé di dúdú mìnìjọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá létí oko á sì rí i. Pòtásíọ̀mù ní tirẹ̀ wà nídìí bí ṣúgà tí ewé ṣe ṣe ń rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sínú gbòǹgbò, èròjà tó sì ń sọ ṣúgà náà di sítáàṣì kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i. Òun náà ni ó ń ran ewé lọ́wọ́ láti ṣí àti láti ti àwọn ihò tíntìntín tó fi ń mí, kí omi má baà ṣòfò lára rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Náítírójìn ni ó ń kọ́ àká, pòtásíọ̀mù ni ó ń kó ẹrù wọ inú rẹ̀.

Lórí oko tí mo ń sọ, apá kan gba NPK 15:15:15 nìkan, apá kejì gba NPK náà pẹ̀lú pọ́táàṣì pupa. Fún oṣù bíi mélòó kan, kò sí ẹni tó lè dúró sétí oko kí ó sọ ìyàtọ̀ wọn. Nígbà tí ọyẹ́ dé ni ọ̀ràn yí padà: apá tó gba pọ́táàṣì di ewé rẹ̀ mú pẹ́ díẹ̀ sí i, nígbà tí ewé ìsàlẹ̀ ti èkejì ti ń pọ́n létí, tó sì ń gbẹ láti ṣóńṣó wá sínú. Àmì àìtó pòtásíọ̀mù ni èyí, ewé tó dàgbà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀, nítorí pé igi ẹ̀gẹ́ ń yọ pòtásíọ̀mù kúrò lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Nígbà tí a hú wọn, gbòǹgbò apá tó gba pọ́táàṣì sanra ju ti èkejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye gbòǹgbò tó wà nídìí igi kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. N kò ní fi nọ́ńbà oko kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wúwo ju oko tèmi lọ ni àwọn ìwádìí ọlọ́pọ̀ ọdún tí wọ́n ṣe ní Tháílàǹdì, Vietnam, Íńdíà àti Kòlóḿbíà, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìfi sílẹ̀ sinmi: pòtásíọ̀mù ni àìtó rẹ̀ sábà máa ń di ìṣòro tó le jù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kódà lórí ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ajílẹ̀ náà sí ní ọdún àkọ́kọ́.

Ẹ̀gẹ́ tó pọ̀ nìkan kọ́ ni èrè rẹ̀, nítorí pé ohun tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà a máa yí padà pẹ̀lú. Níbi tí pòtásíọ̀mù kò bá ti tó, fífi kún un ń mú kí sítáàṣì inú gbòǹgbò pọ̀ sí i títí dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó ń yan gàrí yóò rí èyí nínú iye tó ń kó kúrò nínú agbada lẹ́yìn tí a bá ti fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ rírin, nítorí pé omi kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ sítáàṣì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Nílé-iṣẹ́ tó bá ń wọn ojúlówó, wọ́n lè wọn ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nínú omi, nítorí pé èyí tí sítáàṣì rẹ̀ bá pọ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tóbi jù nínú omi. Àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè máa ka iye ọkọ̀ nìkan. Ní agbègbè Adó-Àwáyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ilé-iṣẹ́ Psaltry ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì, àti níbikíbi tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, n kò rò pé ó yẹ kí àgbẹ̀ fi pòtásíọ̀mù sẹ́yìn nínú ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, ajílẹ̀ kò lè borí àkókò: bí òjò bá ti padà, tí igi ẹ̀gẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú ewé tuntun, inú gbòǹgbò ni ó ti ń mú oúnjẹ fún ewé náà, sítáàṣì yóò sì lọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ àpò mẹ́wàá ni a dà sí i.

Ọ̀rọ̀ oró inú ẹ̀gẹ́ náà kan ajílẹ̀ yìí. Ẹ̀gẹ́ tí ebi pòtásíọ̀mù ń pa sábà máa ń ní sáyánáìdì púpọ̀ sí i nínú gbòǹgbò rẹ̀, náítírójìn tó pọ̀ lápọ̀jù náà sì ń ti í lọ síbẹ̀. Fífi pòtásíọ̀mù kún un a máa dín in kù. Mo fẹ́ kí a gbọ́ èyí dáadáa: kò sọ ẹ̀gẹ́ kíkorò di èyí tí a lè bó, kí a sè é, kí a sì jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Irú ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tí a gbìn ni ó ń pinnu oró náà jù lọ, rírin, rírẹ, fífún àti yíyan sì ni ó ń mú un kúrò. Oníṣòwò kan tí mo gbọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ "ó ń pa oró inú pákí" polówó ọjà rẹ̀ ti kọjá ààlà.

Èrè kan tún wà tí àwọn tó ń ta ajílẹ̀ kì í sọ, bóyá nítorí pé kò hàn nínú ìkórè ọdún yẹn. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé lára igi tó rí pòtásíọ̀mù àti àwọn oúnjẹ yòókù jẹ dáadáa máa ń hù dára, ó sì máa ń mú ìkórè tó pọ̀ wá ní ọdún kejì ju èyí tí a gé lára igi tí ebi pa. Ẹni tó ń ta igi ẹ̀gẹ́, bíi ti ẹ̀yà TME 419 tí gbogbo ènìyàn ń wá, ní ìdí méjì láti ra àpò yìí.

Ó tó àkókò kí n sọ ibi tó kù sí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Bí náítírójìn kò bá sí nínú ilẹ̀, ewé tó yẹ kó ṣe ṣúgà kò ní pọ̀, pòtásíọ̀mù kò sì ní rí ẹrù kankan gbé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ju ajílẹ̀ kan lọ, NPK 15:15:15 ni kí ó kọ́kọ́ rà. Èkejì, àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ìpalára: pòtásíọ̀mù tó pọ̀ lápọ̀jù a máa dí magnísíọ̀mù lọ́wọ́ láti wọ inú igi, ewé àgbà á sì máa pọ́n láàárín àwọn iṣan rẹ̀ nígbà tí iṣan náà ṣì tutù. Ẹ̀kẹta, òjò ńlá a máa fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ nínú ilẹ̀ oníyanrìn, ibẹ̀ sì ni àìtó rẹ̀ ti máa ń le jù. Ilẹ̀ pupa gúúsù Benin àti Togo, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní terre de barre, tó wà ní agbègbè àwọn Yorùbá ní Pobè àti Sakété pẹ̀lú, jẹ́ àpẹẹrẹ ilẹ̀ tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ máa ń tán bí a bá ń dá oko lórí rẹ̀ láìsinmi. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé owó àpò yìí yóò tètè padà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn tó wà lórí òkúta ní ìpamọ́ pòtásíọ̀mù díẹ̀ tiwọn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dáhùn ní ọdún àkọ́kọ́.

Bí ilẹ̀ bá tún ṣaláìní imí-ọjọ́, ẹ̀yà pọ́táàṣì mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní SOP (sulphate of potash), tó ní nǹkan bí ìdá àádọ́ta K2O nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú imí-ọjọ́ lára. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju pupa lọ, àwọn tó ń gbin tòmátì àti ata sì ni wọ́n sábà máa ń rà á. Fún ẹ̀gẹ́, n kò rí ìdí tí a ó fi san àlékún owó náà, àfi níbi tí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá ti fi hàn pé imí-ọjọ́ kò tó.

Ní ti rírí i rà, kò rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ajílẹ̀ ní ìgbèríko kì í kó o sílẹ̀. NPK àti yúríà ni wọ́n ń tà, ẹni tó bá sì béèrè pọ́táàṣì yóò gbọ́ pé kí ó sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó bá a gbé e wá. Yúríà ń ti ọ̀dọ̀ Indorama ní Eleme àti Dangote ní Lẹ́kí jáde, nítorí pé gáàsì tí a fi ń ṣe é wà nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n pòtásíọ̀mù ń ti òkè òkun wá. Kánádà, Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárúùsì ni ó ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréìnì bẹ̀rẹ̀ ní 2022, Nàìjíríà ní láti sáré ra pọ́táàṣì láti Kánádà dípò èyí tí kò lè ti Rọ́ṣíà dé mọ́. Iye owó rẹ̀ ń tẹ̀lé dọ́là, kì í tẹ̀lé iye owó gàrí. Ọdún tí gàrí bá wọ́lẹ̀ tí dọ́là sì gbówó lórí, kí àgbẹ̀ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kí ó tó rà. AKILIMO, ètò orí fóònù tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀: ó ń béèrè ibi tí oko wà, iye tí ajílẹ̀ jẹ́ àti iye tí a ó ta ẹ̀gẹ́, kí ó tó sọ ìwọ̀n ajílẹ̀ tí yóò mú èrè wá.

Bí a bá ti rà á, lílò rẹ̀ kò le. Àpò méjì sí hẹ́kítà kan, tó ní 10,000 ìdí ẹ̀gẹ́ bí a bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìkúnwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ọwọ́ ọkùnrin kan kì í ṣe ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kí a kúkú wọn ohun tí ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan gbà lórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa lo ìdérí náà. Mo fara mọ́ pípín in sí méjì: ìdajì pẹ̀lú NPK ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn, ìdajì yòókù ní nǹkan bí oṣù kẹta, lẹ́yìn tí a bá ti ro oko, nígbà tí gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Kí a fi í sí sẹ̀ńtímítà 15 sí 20 sí ìdí igi, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí pé iyọ̀ ni, ó sì lè jó gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí ó bá súnmọ́ wọn jù. Kí ilẹ̀ tutù kí a tó fi sí i. Ibi tí koríko bá ti bo oko, koríko ni a ń bọ́.

Àdàmọ̀dì pọ̀ lọ́jà, òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ojúlówó ajílẹ̀ ní 2019 sì ti sọ títà á, àti títa àpò tí ìwọ̀n rẹ̀ kò pé, di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe kò gba owó: mo máa ń da ṣíbí díẹ̀ sínú ife omi, mo sì máa ń rò ó pọ̀. Ojúlówó yóò yọ́, yóò kù díẹ̀ péré nínú ìdọ̀tí pupa tó fún un ní àwọ̀, ife náà yóò sì tutù lọ́wọ́ ẹni. Bí yanrìn bá sùn sísàlẹ̀ ife, kí a dá àpò náà padà. Bí èyí tó funfun ni wọ́n gbé wá, tó yọ́ tán ṣùgbọ́n tí omi rẹ̀ kò tutù rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n dà sí àpò. Kí a má sì ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò láti inú àpò tó ti ṣí. Káún tí wọ́n ń tà fún ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀ o, nítorí pé sódíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ṣe ilẹ̀ lóore.

Ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ díẹ̀ wà nílé wa. Eérú ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn lára rẹ̀, àti ti èèpo kòkó, tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kún fún pòtásíọ̀mù gidi. Ẹni tí ebu epo pupa bá wà nítòsí rẹ̀ lè rí i ní owó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ó le lọ́wọ́, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ (ásíìdì inú rẹ̀) kù, nítorí náà kí a má dà á sójú kan. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí náà jẹ́ ara ohun tí a kó kúrò lóko. Bí a bá jẹ́ kó jẹrà tán kí a tó dá a padà, pọ́táàṣì tí a ó rà yóò dín.

Bí àpò bá ṣẹ́ kù, kí a so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí a gbé e sórí pákó kúrò nílẹ̀, nítorí pé ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, yóò sì dì. Èyí tó dì kò bàjẹ́. Kí a fi ọmọ odó gún un, kí a sì lò ó ní ọdún tó ń bọ̀. Kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, pàápàá èyí tó funfun, nítorí pé ó jọ iyọ̀, kí ó sì jìnnà sí ibi tí ewúrẹ́ lè gbé ẹnu dé.